Fóònù Tíṣà Kì í Sùn Mọ́

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní ìlú Oǹdó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan lápá ọ̀tún, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lára ògiri tí gbogbo ìjọ ti fi sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Bàbá arúgbó kan ló ni ín. Kí ó tó kúnlẹ̀, kí ó tó ṣí ìwé orin, ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé yóò yọ ṣájà láti inú àpò, yóò tì í bọ ara ògiri, yóò so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì tẹ ojú rẹ̀ wò bóyá iná ń wọlé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó rántí Ọlọ́run. Àwọn ìjòyè ìjọ kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní ilé Ọlọ́run kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Ẹ̀yin náà ì bá dákẹ́ bí ẹ bá rí ojú tó fi wò wọ́n.

Tíṣà Akíntóyè ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọdé àdúgbò ń pè é ní Bàbá Ṣájà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Ó ní ṣájà kan nílé, ó ní òmíràn nínú àpò, ó sì tún ní páwà báǹkì kan, ọ̀kan wúwo báyìí tí Babájídé ọkọ ọmọ rẹ̀ rà fún un, tó ń fa àpò ẹ̀wù rẹ̀ sísàlẹ̀ lápá kan tó fi ń rìn bí ẹni tó gbé òkúta. Bẹ́ẹ̀, fóònù tó ń fi gbogbo wàhálà yìí tọ́jú, ta ló ń pè é? Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kó má dún. Ìyẹn ló ń pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ ni. Bí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní rẹ́rìn-ín.

Nígbà kan rí, kò sí fóònù tó ń sùn tó ti Tíṣà ní gbogbo Oǹdó.

Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìpínlẹ̀ wa ló ra èyí àkọ́kọ́, ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Ọmọkùnrin tó tà á fún un gbé e lé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun fún bàbá rẹ̀, ó ní: "Bàbá, ẹ gbọ́ o. Bí kò bá tíì kú, ẹ má fi síná. Ẹ jẹ́ kó kú pátápátá, kẹ́ ẹ wá fún un lóúnjẹ láti alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bẹ́ ẹ bá ń fún un jẹ díẹ̀díẹ̀, inú ẹ̀ á bàjẹ́."

Tíṣà gbọ́, ó gbà, ó sì fi sórí. Ó fẹ́ràn òfin. Nígbà tó ń kọ́ni, ọmọ tí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ bá já, ẹnu géètì ni yóò ti padà sílé lọ gán an. Inú rẹ̀ dùn pé ohun tuntun yìí náà ní òfin tirẹ̀, àti pé òfin náà ṣe é há sórí. A ò sì lè pe ọmọ tó ta fóònù ní òpùrọ́. Bátìrì ayé ìjọ́un ni ìmọ̀ràn rẹ̀ wà fún. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀ẹ̀míì. Bátìrì yí padà, fóònù yí padà, ọmọ tó sọ̀rọ̀ náà alára á ti gbàgbé ohun tó sọ. Tíṣà nìkan ni kò gbàgbé.

Agnes ni ìyàwó rẹ̀. Ìlú-Àbò ni wọ́n ti pàdé, nígbà tí ìjọba gbé Tíṣà lọ síbẹ̀ láti lọ kọ́ni, tó sì bá ọmọ Oǹdó ẹgbẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Obìnrin pẹ̀lẹ́ ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ lọ mú ẹṣin wá, kò ní fà á kúrò níbẹ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n sin kí Monílọ́lá ọmọbìnrin wọn tó dé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin èkejì ni Agnes ti lé ọ̀rọ̀ kan jáde nínú ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ni "kú". Kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ kú lábẹ́ òrùlé rẹ̀ mọ́. Àdìẹ ò kú, ó sùn. Àtùpà ò kú, ó sùn. Bí kì í bá ṣe pé ìkíni wa ò ṣe é yí padà, bóyá "ẹ kú àárọ̀" gan-an kì bá ti ríbi wọlé. Nígbà tí fóònù wá dé, tí gbogbo ayé ń sọ pé fóònù àwọn ti kú, fóònù ilé Tíṣà ń sùn ni. Tíṣà kọ́kọ́ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní ọbẹ̀ àdìẹ tó sùn ni àwọn jẹ lọ́jọ́ Àjíǹde. Kò pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láìmọ̀. Monílọ́lá ní tirẹ̀, nílé ló bá a, kò mọ èdè mìíràn fún un.

Ohun kan wà tí ẹni tí kì í ṣe ará Oǹdó ní láti mọ̀. Nínú èdè abínibí wọn, wọn kì í fi "ẹ" àti "wọ́n" gbé àgbà ga bíi tàwọn ará Ọ̀yọ́. Bí ọmọ ṣe ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ló ń pe bàbá àti ìyá rẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà nínú ohùn, ó wà nínú ìkúnlẹ̀. Èdè Oǹdó yẹn ni wọ́n ń sọ nílé Tíṣà. Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń kà ni a óò fi ròyìn rẹ̀ níbí. Bí wọ́n bá ní "ó ti dé" nínú ilé náà, ó lè jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, ó sì lè jẹ́ ewúrẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ fóònù, ọ̀nà tọkọtaya yìí ò pàdé rárá. Bí iná bá ti dé báyìí, Agnes á fi tirẹ̀ síná. Bó bá jẹ díẹ̀, á yọ ọ́, ó tó. Ó ní iná Oǹdó ò yàtọ̀ sí àlejò tó wà lórí ìdúró, ohun tó bá fún ọ ni kó o yáa gbà. Tíṣà á máa mi orí. "Ìjẹkújẹ lo fi ń ba nǹkan yẹn jẹ́," ni yóò wí. Tirẹ̀, á dúró kó sùn fọnfọn, kó tó wá gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kó fi ìnura bò ó kí eruku má bàa kó sí i, kó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀. Ó ń gbóná lábẹ́ ìnura náà bí ìkòkò ẹ̀wà. Tíṣà ka ooru yẹn sí àmì pé oúnjẹ ń wọ̀ ọ́ lára.

Kérésìmesì ọdún kan, Monílọ́lá mú fóònù tuntun olójú gbàràgàdà wá fún un láti Àkúrẹ́. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó ṣàlàyé fún un bí ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ABD.

"Bàbá, bátìrì ìsinsìnyí ò fẹ́ kí ebi pa òun kú." Ó wo ìyá rẹ̀, ó yára tún ọ̀rọ̀ náà sọ. "Kò fẹ́ kí ebi pa òun sùn. Kò sì fẹ́ àjẹkì. Bó o bá ti rí i pé ó ku bí ogún nínú ọgọ́rùn-ún, fi síná. Bó bá ti kọjá ọgọ́rin, o lè yọ ọ́. Má fi aṣọ bò ó, má fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ooru ló ń ba inú ẹ̀ jẹ́."

"Mo gbọ́," ni Tíṣà wí, ó sì mi orí dáadáa. Ẹ ò mọ irú orí mímì yẹn? Òun ni àwọn olùkọ́ àtijọ́ fi ń gba ọ̀rọ̀ ìnípẹ́kítọ̀: bí mọ́tò onítọ̀hún bá ti yí kọ́nà báyìí, kálukú á padà sí bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Fóònù tuntun náà bọ́ sínú òfin àtijọ́. Ó ń gbààwẹ̀, ó ń sùn, ó ń jẹ àjẹmọ́jú lábẹ́ ìnura. Nígbà tó máa fi tó Kérésìmesì kejì, ara rẹ̀ ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ó lè sọ pé òun ṣì kù dáadáa, kó sì sùn lójijì. Bó bá sì ti sùn, jíjí rẹ̀ di iṣẹ́. Tíṣà ní ohun ìwòyí ò lágbára bíi tàtijọ́ ni. Kò ro ti ara rẹ̀ mọ́ ọn rárá.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Monílọ́lá bímọ, wọ́n sọ ọ́ ní Àánú. Agnes kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ilé ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Oda ní Àkúrẹ́ láti lọ máa wẹ ọmọ. Láti ìgbà tí Tíṣà ti gbé e níyàwó, kò sí alẹ́ tí Tíṣà kì í gbàdúrà sókè kí wọ́n tó sùn, kí Agnes sì ṣe "Àmín" tirẹ̀, "Àmín" gígùn kan tó máa ń fà bí ẹni tó ń gùnkè. Nígbà tí ọ̀nà wá jìn, wọ́n gbé àdúrà náà sórí fóònù. Alaalẹ́ ni Tíṣà ń pè. Bó bá parí, á dúró gbọ́ "Àmín" náà, kó tó pa fóònù.

Inú rírun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Agnes ní oúnjẹ ni kò bá òun lára mu, ó ń fara dà á nítorí ọmọ tuntun. Nígbà tí èébì dé, Babájídé ọkọ Monílọ́lá gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ìfun rẹ̀ kan ló há, àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n mú Ọjọ́bọ̀. Tíṣà ti wọ mọ́tò ní ọjọ́ Ajé, ó gba Bọ́lọ́rundúró àti Òwènà dé Àkúrẹ́, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti rù. Ìyẹn bà á lẹ́rù ju ohun tí dókítà sọ lọ.

Ì bá ti dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó rẹ̀ wà lórí sìmẹ́ńtì lẹ́yìnkùlé tó sá a sí, òjò sì ń ṣú káàkiri. Àwọn àdìẹ náà wà láìsẹ́ni tó máa fún wọn lóúnjẹ. Agnes fúnra rẹ̀ ló ní kó lọ.

"Lọ kó kòkó rẹ wọlé," ó ní. "Àárọ̀ kùtù Ọjọ́bọ̀ ni kó o dé. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbé mi wọlé kó o tó dé, màá ní kí Monílọ́lá pè ọ́. Wàá gbàdúrà fún mi. Mi ò ní wọ ibẹ̀ láìgbọ́ ohùn ẹ."

"Wàá gbọ́ ọ."

"Tíṣà. Má jẹ́ kí fóònù yẹn sùn."

"Kò ní í sùn," ni Tíṣà wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà gbóná. Ó rántí ìgbóná yẹn títí dòní.

Ní Ọjọ́rú, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, iná dé sí àdúgbò. Tíṣà gbọ́ ariwo àwọn ọmọ lójúde, ó dìde, ó mú fóònù rẹ̀ wò. Àmì bátìrì ti pupa, ó ku tín-ín-rín. Ó mú ṣájà. Ó na ọwọ́ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni òfin ti dá a dúró. Kò tíì sùn. Bí òun bá fún un lóúnjẹ báyìí, ìjẹkújẹ ni, inú rẹ̀ á bàjẹ́, ó sì lè dá òun dójú tì lọ́la tí Agnes máa pè. Ọ̀la ló ṣe pàtàkì. Ohun tó dára jù ni kó tètè sùn láàárọ̀ yìí, kí òun wá bọ́ ọ yó kó le koko de Ọjọ́bọ̀. Ẹ má rò pé ó ń ṣàìbìkítà o. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é.

Kó lè yára sùn, ó tan tọ́ọ̀ṣì ara fóònù náà ní ojúmọmọ, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì lọ ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó lẹ́yìnkùlé. Tọ́ọ̀ṣì ń tàn sí òrùlé yàrá tí oòrùn ti mọ́lẹ̀ sí. Iná wà nínú ògiri, ṣájà wà lórí àga, fóònù wà láàárín wọn, ó ń joró lọ. Nígbà tí Tíṣà máa fi padà wọlé, tọ́ọ̀ṣì ti pa. Ó tẹ fóònù, kò jí. Inú rẹ̀ dùn. Ó ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tẹ bọ́tìnnì, kò rí nǹkan kan. Ó gbójú sókè, ó rí i pé fáànù ti dúró. Wọ́n ti mú iná lọ.

Ó dúró dè é. Ó jẹun díẹ̀, ó tún lọ yí kòkó. Iná kò dé. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já díẹ̀díẹ̀, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ kó já, nítorí Ọjọ́bọ̀ kọ́ ni òní. Níkẹyìn ó ti ilẹ̀kùn, ó fi fóònù àti ṣájà sínú àpò, ó sì gba ọ̀dọ̀ Joy lọ.

Joy ni onídìrí tó wà ní ìkángun òpópónà náà, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tó fi ń gbẹ irun oníbàárà. Kì í ṣe òwò ṣáájì ló ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í lé àgbà. Ó bá Tíṣà fi fóònù náà síná láàárín àwọn obìnrin tó jókòó pẹ̀lú irun tútù lórí. Ojú fóònù dúdú ṣíkíṣíkí.

"Kò gbà á," ni Tíṣà wí.

"Ó ń gbà á, Bàbá. Ẹ ti jẹ́ kó gbẹ jù ni. Tó bá ti gbẹ báyẹn, ó máa ń pẹ́ kó tó jí. Ẹ jókòó."

Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín òórùn ìpara irun àti èéfín jẹnẹrétọ̀, ó gbé fóònù náà sí orí itan, okùn ṣájà nà láti ara ògiri dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Àwọn obìnrin ń sọ ìtàn àna àti èṣí. Ó ń gbọ́ wọn bí ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ kànga.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Àkúrẹ́ lásìkò náà, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló tó gbọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, láti ẹnu Monílọ́lá. Láti òwúrọ̀ ni ìrora Agnes ti le sí i. Ikùn rẹ̀ wú, ó le bíi pákó. Àwọn dókítà wò ó, wọ́n ní kò ṣe é fi di Ọjọ́bọ̀ mọ́, ìsinsìnyí ni. Wọ́n gbé ìwé wá kó fọwọ́ sí i. Agnes ní òun máa fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn bàbá Monílọ́lá. Monílọ́lá pè. Obìnrin inú fóònù tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò láánú ní wọ́n ti pa nọ́ńbà náà. Ó tún pè. Babájídé náà pè.

Agnes wo ojú ọmọ rẹ̀, ó mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti jẹ́ kó sùn," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀. Bí iná bá dé lọ́hùn-ún, yóò jí."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́. Dókítà bẹ̀ ẹ́, ó padà lọ, ó tún wá. Monílọ́lá kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Jọ̀ọ́, fọwọ́ sí i, yóò gbàdúrà bó o bá jáde." Agnes ní kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i. Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ irú obìnrin tó jẹ́. Monílọ́lá wá rántí Reuben, bíríkìlà kan tó jọ ń gbé ojúlé kan náà pẹ̀lú wọn ní Oǹdó, ó pè é níbi iṣẹ́. Reuben ju ọkọ́ ìrẹ́lé sílẹ̀, ó fò sórí ọ̀kadà, ó sá dé ilé. Ó bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn àti kòkó lórí sìmẹ́ńtì. Ó yí ilé po, ó ké pe Tíṣà títí. Ó wá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá a dé ojú ọ̀nà oko. Ta ni yóò rò ó láé pé ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni Tíṣà wà?

Nígbà tí Agnes fi máa gba bírò, ìka rẹ̀ ò lè dì í mú mọ́. Àtàǹpàkò ni wọ́n bá a tẹ̀ sórí ìwé náà, òun tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́ ìdajì àwọn obìnrin Ìlú-Àbò ní abẹ́rẹ́ dídì mú. Wọ́n sáré gbé e lọ.

Ní Oǹdó, oòrùn ti ń yí sí ìrọ̀lẹ́ kí ojú fóònù tó mú àmì kékeré kan jáde, àmì bátìrì òfìfo pẹ̀lú iná tó ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀. "Ẹ ò rí i?" ni Joy wí. "Mo ní yóò jí." Tíṣà dúró kó jẹ díẹ̀ sí i, ó tẹ̀ ẹ́, ó jí. Ó gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún gbọ̀n, iṣẹ́ tí wọ́n ti rán sí i ń wọlé lórí ara wọn. Kó tó rí awò ojú rẹ̀ láti kà wọ́n, ó ti ń dún. Monílọ́lá ni.

"Bàbá."

"Èmi nìyí, ọmọ mi."

"Bàbá, ó ti sùn."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó gbẹ. Tíṣà rò pé inú ló ń bí i. "Mo mọ̀ pé ó sùn," ó ní. "Má bínú. Ẹ̀bi mi ni. Láti àárọ̀ ló ti sùn. Mo ní kí n lè bọ́ ọ yó de ọ̀la ni. Ó ti jí báyìí, ó wà níná lọ́wọ́lọ́wọ́, kò ní í sùn mọ́. Gbé fóònù fún ìyá ẹ."

Tíṣà fetí sílẹ̀ de ohùn Agnes.

"Àbí ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti mú un dání? Kò burú. Gbé e sí i létí, kí n gbàdúrà alẹ́ rẹ̀ fún un báyìí. Bí wọ́n bá tún mú iná lọ ńkọ́?"

Ó ṣí fìlà. Joy fi ọwọ́ pa àwọn oníbàárà lẹ́nu mọ́, ó sì lọ dín ariwo rédíò kù. Láàárín àwọn obìnrin tó ṣe irun dé ìdajì, Tíṣà gbàdúrà. Ó ní kí Ọlọ́run di ọwọ́ dókítà mú. Ó ní kó má jẹ́ kí ẹ̀rù ba Agnes nínú yàrá yẹn, kó bá òun mú un jáde, kó dá a padà sí Oǹdó sí àárín àwọn àdìẹ rẹ̀. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá nìkan gbé ilé. Ó parí rẹ̀ ní orúkọ Jésù, ó sì dákẹ́, ó ń retí.

"Àmín," ni àwọn obìnrin náà ṣe. Tíṣà fi ọwọ́ dá wọn lẹ́kun. Kì í ṣe tiwọn ló ń dúró dè. Ó tẹ fóònù mọ́ etí. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lórí táìlì, ó ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ń tì kọjá lọ.

"Agnes," ó ní. "Mo ti parí o."

"Bàbá," ni Monílọ́lá wí, ẹkún ti gba ohùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Kì í ṣe fóònù."

Joy ló gba fìlà tó bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà, òun ló sì lọ wá Reuben. Láti ìgbà yẹn lọ ni ọ̀rọ̀ ti tàn ká ìlú. Àwọn ará ìjọ, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ tó ti kọ́ rí, gbogbo wọn ló ń pè é. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà pẹ̀lú okùn ṣájà lára ògiri, ó sì ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tí kò bá a.